Kí ẹ tó ra káàdì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì 10 gígábíìtì

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó náwó sórí káàdì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì 10 gígábíìtì, ẹ kọ́kọ́ ṣí ikùn kọ̀ǹpútà yín wò, kí ẹ mọ irú ihò PCIe (ihò tí a ń ki káàdì bọ̀ lórí pátákó kọ̀ǹpútà) tó ṣẹ́kù níbẹ̀. Ihò kékeré x1 (ọ̀nà dátà kan ṣoṣo) ti PCIe 2.0 (ìran kejì PCIe) kò lè gbé ju 500 mẹ́gábáìtì lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ́ẹ̀ káàdì náà lè gbé tó 1,250 (10 gígábíìtì náà ni yẹn, nítorí bíìtì mẹ́jọ ló wà nínú báìtì kan). Ihò x4 ti PCIe 3.0 ni ọkàn mi balẹ̀ sí jù. Bí ó bá jẹ́ háàdì dísìkì tó ń yí ni ẹ ń kó fáìlì sí, tí ọ̀pọ̀ wọn kì í ju 250 mẹ́gábáìtì lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, káàdì 2.5 gígábíìtì ti tó yín, wáyà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì Cat5e àtijọ́ sì lè gbé e.

Fún 10 gígábíìtì, Cat6 ń gbé e dé nǹkan bíi mítà 55, Cat6A dé 100. Bí ẹ̀rọ méjèèjì bá wà nínú yàrá kan, ẹ yan káàdì oníhò SFP+ pẹ̀lú wáyà DAC (wáyà bàbà kúkúrú tí orí SFP+ ti wà ní ẹnu rẹ̀ méjèèjì), nítorí pé oníhò RJ45 (ihò tí a ń ki wáyà Cat bọ̀) máa ń gbóná gan-an. Tèmi gbóná débi pé n kò lè gbé ọwọ́ lé e, àfìgbà tí mo gbé fáànù kékeré kọjú sí i.