Ẹ gbé Orin Dáfídì 136 yẹ̀wò

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tí àdúrà òwúrọ̀ rẹ̀ ti di àkọ́sórí, tí ẹnu ti ṣe "àmín" kí ọkàn tó débẹ̀, kó ṣí Orin Dáfídì 136. Ẹsẹ 26 ló ní, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì parí gbogbo wọn: àánú Rẹ̀ dúró láéláé. Oòrùn, òṣùpá, Òkun Pupa, ọba Síhónì, ọba Ógù, ìtàn ara wọn ni àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ń kà sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan.

Ẹ fi tiyín rọ́pò tiwọn, kí ẹ sọ ọ́ sókè: "Ọkọ̀ bàjẹ́ lọ́nà Àjàṣẹ́-Ìpo lálẹ́, a délé láyọ̀, àánú Rẹ̀ dúró láéláé." Ẹ má ṣa kìkì ohun dídùn o. "Owó oṣù ò tíì wọlé, owó ilé ìwé ọmọ ti tó san, àánú Rẹ̀ dúró láéláé." Ibẹ̀ gan-an ni àdúrà ti ń gbóná, torí ẹnu lè kọ̀ láti parí rẹ̀. Ẹ dúró síbẹ̀, kí ẹ sọ ìdí tó fi kọ̀ fún Ọlọ́run.

Ẹsẹ márùn-ún ti tó lóòjọ́. Ẹni tó bá ní òun á pé 26 á pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé pẹ̀lú àwọn ayálégbé mìíràn ní Ìlọrin, ẹ lè kọ tiyín sínú ìwé. Aládùúgbò tó ti kírun àsùbáà tán lè fẹ́ padà sùn díẹ̀.