Bí a ṣe ń ṣètò Bacula láti kó ẹ̀dà fáìlì gbogbo kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì pamọ́

Ọ́fíìsì tó ní ju kọ̀ǹpútà méjì mẹ́ta lọ kò yẹ kó ṣì máa fi flash kó fáìlì pamọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bacula, ètò ọ̀fẹ́ tí Kern Sibbald bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2000, lè ṣe é fún gbogbo wọn láti ojú kan. Apá mẹ́ta ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní port tirẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tí àwọn yòókù ń gbà kàn sí i. Director ni ọ̀gá tó ń pàṣẹ, port 9101 ló ń lò. File Daemon wà lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan tí a fẹ́ kó fáìlì rẹ̀, ní port 9102. Storage Daemon ló ń kọ ẹ̀dà sórí díìsìkì tàbí téèpù, ní 9103. Àkọsílẹ̀ gbogbo fáìlì tí wọ́n bá kó wà nínú Catalog, dátábéèsì tí Director ń wò.

Lórí Debian, ọ̀kan lára àwọn oríṣi Linux, inú /etc/bacula ni fáìlì ìṣètò wọn wà. Ẹ kọ́kọ́ ṣí bacula-sd.conf, ti Storage Daemon. Níwájú Archive Device, ẹ kọ fódà tí ẹ̀dà yóò máa wọ̀. Kí ó wà lórí díìsìkì ọ̀tọ̀, kí bacula sì ní àṣẹ láti kọ nǹkan síbẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí Media Type tó wà níbẹ̀, a óò tún lò ó.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi bacula-fd, ìyẹn File Daemon, sórí kọ̀ǹpútà tí ẹ fẹ́ dáàbò bò, kí ẹ ṣí bacula-fd.conf. Ẹ kọ orúkọ Director yín síbẹ̀, kí ẹ sì fún un ní ọ̀rọ̀ aṣínà tó le. FDAddress, àdírẹ́sì tí File Daemon ti ń gba ìpè, máa ń jẹ́ 127.0.0.1 lórí Debian, ìyẹn kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀; bẹ́ẹ̀ náà ni SDAddress nínú bacula-sd.conf. Bí ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí kọ̀ǹpútà mìíràn tó lè kàn sí wọn. Ẹ fi àdírẹ́sì gidi rọ́pò wọn.

Ó wá ku bacula-dir.conf, ti Director, ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Ọ̀rọ̀ aṣínà tó wà ní Client, abala tó ń tọ́ka sí kọ̀ǹpútà tí a fẹ́ kó fáìlì rẹ̀, gbọ́dọ̀ bá ti bacula-fd.conf mu láìyẹ̀ lẹ́tà kan. Ti Storage náà gbọ́dọ̀ bá ti bacula-sd.conf mu, pẹ̀lú orúkọ Device àti Media Type. Ẹ má ṣe kọ localhost, orúkọ tí kọ̀ǹpútà fi ń pe ara rẹ̀, sí Address Storage láé: fáìlì kì í gba ọ̀dọ̀ Director kọjá, File Daemon fúnra rẹ̀ ló ń gbé e lọ bá Storage Daemon, àdírẹ́sì yìí ló sì ń tẹ̀lé. Bí ó bá rí localhost, ara rẹ̀ ni yóò máa wá.

FileSet ló ń sọ fódà tí a máa kó. Schedule tó bá ètò náà wá ń kó gbogbo rẹ̀ ní Sunday àkọ́kọ́ oṣù, ó sì ń kó èyí tó yí padà láwọn ọjọ́ yòókù, ní 23:05. Bí ẹ bá ń pa jẹnẹrétọ̀ lálẹ́, ẹ gbé e wá sí ọ̀sán. Nínú Pool, àkójọ àwọn Volume tí ẹ̀dà ń wọ̀, ẹ fi òdiwọ̀n sí Maximum Volume Bytes àti Maximum Volumes kí díìsìkì má baà kún. Ẹ wá so gbogbo wọn pọ̀ nínú Job, abala tó ń sọ iṣẹ́ tí Director máa ṣe.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:

bacula-dir -t -c /etc/bacula/bacula-dir.conf

Bí kò bá sọ nǹkan kan, ó dára. Ẹ tún Director, File Daemon àti Storage Daemon gbé dìde, ẹ wọ bconsole, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Director, ẹ tẹ status client láti rí i pé kọ̀ǹpútà náà ń dáhùn, lẹ́yìn náà run láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ẹ tẹ restore, kí ẹ dá fáìlì mélòó kan padà sí fódà ọ̀tọ̀, kí ẹ sì ṣí wọn. Ìgbà tí wọ́n bá ṣí dáadáa ni kí ẹ tó fi kọ̀ǹpútà kejì kún un.