Bí Mo Ṣe Fi Sátẹ́láìtì Wọn Òjò Oko Wa ní Òmù-Àrán

Ìlọrin ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n Òmù-Àrán ni oko ẹbí wa wà. Bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti dé, ọ̀rọ̀ kan náà ni èmi àti Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, máa ń sọ lórí fóònù: ṣé òjò yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ká gbin àgbàdo, àbí ó tún fẹ́ tàn wá jẹ? Lọ́dún tó kọjá, mo ní kí n wo ohun tí sátẹ́láìtì rí.

Èyí tí mo lò ni IMERG, àkójọ ìwọ̀n òjò tí NASA, àjọ òfurufú Amẹ́ríkà, ń fún aráyé lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí oríṣiríṣi sátẹ́láìtì rí ni wọ́n ń kó pọ̀ níbẹ̀. Olórí wọn ni GPM, tí Amẹ́ríkà àti Jàpáàn jọ gbé sókè ní oṣù kejì ọdún 2014. Mo wọ Giovanni, ojúlé NASA lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo forúkọ sílẹ̀, mo fa ìlà yí Òmù-Àrán ká lórí máàpù, mo sì wa nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Kò jẹ dátà púpọ̀. Aago Greenwich ni wọ́n ń lò o, ẹ fi wákàtí kan kún un kó tó di tiwa. Nọ́ńbà ìdajì wákàtí kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ iye tí òjò náà ì bá jẹ́ ká ní ó rọ̀ fún wákàtí kan gbáko. Ẹ pín in sí méjì kí ẹ tó ro ó pọ̀.

Lóko, Bàbá Kékeré gbé agolo tí ẹnu àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ dọ́gba sí gbangba, níbi tí igi kò ti bò ó. Láràárọ̀, wọ́n á ti rúlà bọ inú rẹ̀, wọ́n á ka mìlímítà, wọ́n á da omi náà nù.

Òjò tó bá ṣú láti ìlà-oòrùn pẹ̀lú ìjì àti àrá, agolo rí i, sátẹ́láìtì náà rí i, bí iye wọn kò tilẹ̀ bára mu. Oṣù kẹjọ ló dá wàhálà sílẹ̀. Òjò wínníwínní rọ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, omi wà nínú agolo, sátẹ́láìtì ní òun ò rí nǹkan kan. Bàbá Kékeré bú sẹ́rìn-ín: "Ṣé nǹkan tí wọ́n gbé sókè yẹn sùn ni?"

Kò sùn. Gbogbo ohun tó wà láyé ló ń tú ìgbì máíkírówéèfù, tí ojú wa kò lè rí, jáde. Ti ojú òkun kò pọ̀, nítorí náà òjò tó ń rọ̀ sórí rẹ̀ máa ń hàn kedere sí ẹ̀rọ inú sátẹ́láìtì. Ti ilẹ̀ pọ̀, ó sì ń bo ti ẹ̀kán òjò mọ́lẹ̀, bí ìgbà téèyàn ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìlọta. Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá sí i lórí ilẹ̀ ni pé yìnyín ni wọ́n ń wò, èyí tó máa ń wà lókè inú àwọsánmà òjò ńlá. Yìnyín náà máa ń fọ́n ìgbì tó ń bọ̀ láti ilẹ̀ ká, pàápàá ìgbì tó ń mì kíákíá, láti 89 GHz lọ sókè, ibẹ̀ á wá dà bíi pé ó tutù lójú ẹ̀rọ. Bó bá ṣe tutù tó ni wọ́n ṣe ń ka òjò náà sí ńlá tó. Àwọsánmà oṣù kẹjọ kì í sábà ga dé ibi tí omi ti ń di yìnyín. Kí ni ẹ̀rọ fẹ́ rí?

Ojú kan lórí máàpù IMERG sì fẹ̀ tó kìlómítà 11 lóòró, 11 níbùú. Ta ni kò mọ òjò tó rọ̀ lọ́jà tí kò dé oko? Oríṣi èsì mẹ́ta ni wọ́n ń gbé jáde: Early máa ń dé láàárín bíi wákàtí mẹ́rin, Late á tẹ̀lé e, Final, tí wọ́n fi ìwọ̀n òjò orí ilẹ̀ tún ṣe, á gba oṣù bíi mélòó kan. Àgbẹ̀ kò lè dúró de Final.

Lọ́dún yìí, a dúró títí Early fi fi òjò hàn láti Òró dé Ìsánlú-Ìsìn, tí agolo náà sì lómi nínú, ká tó tú àpò irúgbìn. Bó bá di oṣù kẹjọ, agolo nìkan la máa tẹ̀lé.