Bẹ́ ẹ ṣe lè lo ẹ̀rí nípa ọpọlọ ní kóòtù àti níbi tí wọ́n ti ń ṣòfin

Okun o, gbogbo ilé. Ẹ̀yin lọ́yà wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní Kàbà àti Ìsánlú ni mo ń bá sọ̀rọ̀, àti ẹ̀yin kánsẹ́lọ̀, àti òbí tọ́lọ́pàá lè wá kanlẹ̀kùn ẹ̀ lálẹ́.

Ohun àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ bi ara yín pé ta lẹ̀rí yìí ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀. Àwọn tó ń ṣèwádìí ọpọlọ máa ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ni, wọ́n á wo ohun tó pa wọ́n pọ̀, àmọ́ ohun tádájọ́ fẹ́ mọ̀ ni ohun tó wà lọ́kàn ẹnì kan ṣoṣo lásìkò tọ́ràn ṣẹlẹ̀. Ibẹ̀ gan-an lẹjọ́ ti máa ń bọ́ sọ́nù.

Ká ní wọ́n mú ọmọ ọdún 16 kan torí ìjà nínú ọjà. Apá iwájú ọpọlọ, tó ń kó èèyàn níjàánu kó tó hùwà, kì í gbó tán títí èèyàn á fi lé lógún ọdún. Ẹ̀rí tó lágbára nìyẹn fún òfin tó kan gbogbo ọmọdé. Ní 2005, nínú Roper v. Simmons, kóòtù tó ga jù ní Amẹ́ríkà ní wọn ò gbọ́dọ̀ dájọ́ ikú fẹ́ni tí ò tíì pé 18 nígbà tó dá ọ̀ràn, nígbà tó sì di 2010, nínú Graham v. Florida, wọ́n dárúkọ ọpọlọ gan-an. Àwa náà ní Child Rights Act 2003, ìyẹn òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé, Kogi sì ti ṣe tiẹ̀, torí náà ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, ẹ má lọ fowó síkáànì, ìyẹn fọ́tò inú ọpọlọ, tẹ́ ò nílò dá ara yín lágara, síkáànì ò lè sọ bóyá òun ló ju òkúta.

Tó bá jẹ́ àgbàlagbà tó já látorí ọ̀kadà, tó forí gbálẹ̀, tí ìwà ẹ̀ wá yí padà, ìyẹn le díẹ̀. Abala 51 Penal Code, ìyẹn òfin ìwà ọ̀daràn, ń béèrè bóyá àìsàn ọpọlọ ò jẹ́ kó mọ ohun tó ń ṣe nígbà yẹn, tàbí pé ohun tó ń ṣe ò dáa tàbí pó lòdì sófin, ẹni tó ń jẹ́jọ́ ló sì máa fi hàn. Síkáànì tí wọ́n ya lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ojú àpá ló máa fi hàn yín, kò lè fi alẹ́ ọjọ́ náà hàn. Ẹ wá káàdì ọsibítù ìgbà tó ṣubú, ẹ wá ìyàwó ẹ̀, ọ̀gá ẹ̀ níbi iṣẹ́, aládùúgbò tó mọ̀ ọ́n ṣáájú àti lẹ́yìn, kí dókítà wá so gbogbo ẹ̀ pọ̀.

Abala 68 Evidence Act 2011, ìyẹn òfin tó dá lórí ẹ̀rí ní kóòtù, gba dókítà tó mọṣẹ́ láàyè láti sọ èrò ẹ̀. Ẹ bi í pé: àwọn mélòó ló ní irú àpá yìí tí wọn ò lu ẹnikẹ́ni rí? Fọ́tò aláwọ̀ mèremère ò gbọdọ̀ dẹ́rù bà yín. Ní 2009 àwọn onímọ̀ kan gbé òkú ẹja sámọ́nì sínú ẹ̀rọ MRI tó ń ya fọ́tò inú ara, wọ́n ń fi fọ́tò èèyàn hàn án, ẹ̀rọ sì ní apá kan nínú ọpọlọ ẹja náà ń ṣiṣẹ́, torí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fo ìṣirò tó yẹ kó yọ àṣìṣe kúrò, kí gbogbo ayé lè rí ewu ẹ̀. Síkáànì tí wọ́n láwọn fi ń mọ òpùrọ́ ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀, kóòtù kan ní Tennessee, l'Amẹ́ríkà, kọ̀ ọ́ ní 2010. Torí kọ̀ǹpútà ló tẹ fọ́tò náà jáde, ẹ rántí ìwé ẹ̀rí tí abala 84 Evidence Act yẹn kan náà ń béèrè, láìsí i wọ́n lè dà á nù.

Ọ̀rọ̀ òfin ìlú ló ká mi lára jù. Wọ́n ń wa góòlù lápá Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀. Ní Zamfara ní 2010, òjé (lead) tó wà nínú òkúta góòlù tí wọ́n ń lọ̀ nínú ilé pa ọmọdé tó lé ní 400, àwọn tó yè, òmíràn ò gbọ́ràn mọ́, ọpọlọ òmíràn sì ti bàjẹ́. Kì í ṣe gbogbo òkúta góòlù ló ní òjé, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ní láti yẹ̀ ẹ́ wò. Níbí ẹ ò nílò síkáànì ẹnikẹ́ni, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti sọ pé kò síye òjé tí wọ́n mọ̀ tí ò léwu fọ́mọdé. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ilẹ̀ àdúgbò àti ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún 5 wò, kẹ́ ẹ so èsì ẹ̀ mọ́ lẹ́tà tẹ́ ẹ máa kọ sí ìjọba ìbílẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ní pàtó: kí ẹ̀rọ tó ń lọ òkúta jìnnà sí ilé àti odò, kí wọ́n má sì fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ọkà lọ òkúta.