Bí ẹ ṣe máa lo azithromycin tí dókítà kọ fún yín

Ní kẹ́míìsì mi ní Mushin, kò sí ọjọ́ tí ẹnìkan ò ní dúró ní káńtà kó ní, "Àǹtí, ẹ fún mi ní oníhóró mẹ́ta yẹn." Azithromycin ni wọ́n ń wí. Tó bá jẹ́ ọ̀fìnkìn ló ń ṣe yín, mi ò ní tà á fún yín: fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ọ̀fìnkìn, bakitéríà sì ni oògùn yìí ń bá jà. Bakitéríà ní ẹ̀rọ kékeré tó fi ń pèsè pùròtéènì. Oògùn yìí á lọ há sí ọ̀nà tí pùròtéènì ń gbà jáde, kòkòrò náà ò sì ní lè dàgbà mọ́.

Erythromycin ni ẹ̀gbọ́n azithromycin, oògùn tó ti wà ṣáájú rẹ̀. Láti inú erùpẹ̀ ilẹ̀ Philippines ni wọ́n ti rí i, ọdún 1952 ló sì dé ọjà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́ ni wọ́n sábà máa ń lò ó, inú á sì máa run ẹni. Azithromycin kì í tètè kúrò lára: ó ń gbà tó nǹkan bíi wákàtí 68 kí ìdajì rẹ̀ tó jáde. Ìdí nìyẹn tí 500 mílígíráàmù lójúmọ́ fún ọjọ́ 3 fi máa ń tó ọ̀pọ̀ àgbàlagbà. Torí náà, ẹ má ra páálí kejì lọ́jọ́ kẹrin, ẹ má sì fi hóró kẹta pamọ́ nítorí pé ara ti yá. Bí ibà ò bá lọ, dókítà ni kẹ́ ẹ padà lọ bá.

Ti àwọn ọmọdé ló máa ń ká mi lára jù. Ìyá kan gbé ìgò azithromycin oní-lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n kọ fún ọmọ rẹ̀ wá bá mi, ó ti rọ omi kún un dé ọrùn. Oògùn náà ti ṣàn, a ò mọ iye tó wà nínú ṣíbí kan mọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ fi ìdí ìgò gbá àtẹ́lẹwọ́ kí lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀ lè tú. Ẹ se omi, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá. Iye omi tí wọ́n kọ sára páálí gan-an ni kẹ́ ẹ wọ̀n sí i, torí iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ẹ mì ín títí kóókó ò fi ní sí nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ sì tún máa mì ín kẹ́ ẹ tó fún ọmọ lójoojúmọ́. Síríńjì ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ṣíbí ìdáná. Bí ọmọ ṣe wúwo sí ni dókítà fi ń ṣírò rẹ̀, nítorí náà ẹ má fún àbúrò ní èyí tó ṣẹ́kù lára ti ẹ̀gbọ́n.

Kẹ́ ẹ tó gbé e mì, ẹ kó gbogbo oògùn tẹ́ ẹ ń lò sínú láílọ́ọ̀nù kan, kẹ́ ẹ kó o wá. Erythromycin àti clarithromycin, tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ tètè palẹ̀ àwọn oògùn kan mọ́. Bí ẹ bá lò ó pọ̀ mọ́ wọn, simvastatin tí wọ́n ń lò fún ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ lè pọ̀ lára débi tí á fi ba iṣan jẹ́. Azithromycin, erythromycin àti clarithromycin, gbogbo wọn ló sì lè da bí ọkàn ṣe ń lù rú. Artemether-lumefantrine tá à ń lò fún ibà lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà, èyí ló fi ń bà mí lẹ́rù bí mo ṣe ń rí i tí wọ́n ń gbé òun àti azithromycin mì pọ̀ láìbi dókítà. Oògùn ikùn olómi funfun, ẹ fi wákàtí 2 sáàárín òun àti azithromycin. Bí àyà yín bá ń lù kìkì tàbí òòyì ń kọ́ yín, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́.