Owó orí ilé àti owó ilé ìwé ìjọba ní Texas: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ láàárín àwa onílé

Ìpínlẹ̀ Texas kì í gba owó orí lórí owó oṣù. Láti 2019 ni wọ́n ti kọ ọ́ sínú òfin ìpìlẹ̀ wọn pé wọn ò ní gbà á. Nítorí náà, ẹrù ilé ìwé ìjọba wúwo lórí onílé, ti ilé ìwé ló sì sábà máa ń pọ̀ jù nínú bíìlì owó orí ilé. Àwọn Yorùbá tó ra ilé ní Houston, Katy, Pearland tàbí ní agbègbè Dallas mọ̀ ọ́n lápò. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni ẹni tó di okùn owó náà mú, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀.

Má rò pé bí iye ilé bá ti gòkè, ilé ìwé ti lówó nìyẹn

Èyí ló burú jù, torí òun ló bí àwọn yòókù. Orí ọmọ ni ìṣirò Texas ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orí ilé. Owó ìpìlẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ kan jẹ́ $6,160 ní 2019. Wọn ò fọwọ́ kàn án mọ́ títí di 2025, nígbà tí wọ́n fi $55 lé e, tó di $6,215. Wọ́n á fi díẹ̀ kún un fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ tó nílò ìtọ́jú àkànṣe, àti ọmọ ilé tí nǹkan ò rọrùn fún. Àpapọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀tọ́ ISD yín, ìyẹn àgbègbè ilé ìwé ìjọba tí ilé yín wà lábẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á wá wo iye tí owó orí ilé mú wọlé ládùúgbò, tí ìpínlẹ̀ á sì fi tirẹ̀ dí ohun tó kù. Bí owó àdúgbò bá pọ̀ sí i, owó ìpínlẹ̀ ló máa dín kù. Ẹ̀tọ́ ISD wà níbi tó wà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí iye ilé bá fi ju ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè lọ́dún, òfin owó ilé ìwé tí wọ́n ṣe ní 2019 máa ń tẹ réètì (iye owó orí lórí $100 kọ̀ọ̀kan) wálẹ̀. Ìyẹn ni pé ọdún tí ọ̀wọ́n ọjà ń ha tíṣà àti epo bọ́ọ̀sì mọ́ra, iye ilé lè fò sókè kí kọ́bọ̀ má sì wọ kíláàsì.

Bí owó àdúgbò bá wá kọjá ẹ̀tọ́, ìpínlẹ̀ á gba èyí tó lé. Recapture ni wọ́n ń pè é, àwọn ará Texas sì ń pè é ní Robin Hood. Ọdún 1993 ló bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Texas ti sọ nínú ẹjọ́ Edgewood ní 1989 pé àlàfo tó wà láàárín àdúgbò olówó àti ti tálákà ta ko òfin. Ní oṣù Kọkànlá 2016, àwọn olùdìbò Houston ní àwọn ò san án. Ohun tó máa tẹ̀ lé e ni kí ìpínlẹ̀ yọ àwọn ilé iṣẹ́ olówó ńlá kan kúrò lábẹ́ Houston ISD, kí ISD míì máa gba owó orí wọn. Ní oṣù Karùn-ún 2017, wọ́n tún ìbò náà dì, wọ́n sì gbà láti san.

Má fi homestead sílẹ̀ nítorí àánú ilé ìwé

Homestead ni ìdínkù owó orí fún ilé tí onílé ń gbé fúnra rẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé ẹni tó bá gba ìdínkù yìí ń já oúnjẹ gbà lẹ́nu ọmọ ilé ìwé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iye tí wọ́n ń yọ kúrò kí wọ́n tó ṣírò owó orí ilé ìwé jẹ́ $40,000 ní 2022, ó di $100,000 ní 2023, ó sì di $140,000 láti 2025. Ìpínlẹ̀ ló ń dí ihò tó bá dá sílẹ̀ lápò ISD. Ká ní ilé kan tó $350,000, tí réètì jẹ́ $1 lórí $100: láìsí homestead, $3,500, pẹ̀lú rẹ̀, $2,100.

Fọ́ọ̀mù 50-114 ni ẹ máa kọ, ọ́fíìsì tó ń díye lé ilé ní káńtì yín ni ẹ sì máa fi ránṣẹ́ sí. Ní Harris County, HCAD nìyẹn. Ọ̀fẹ́ ni. Lẹ́tà tó bá ní kí ẹ san owó kí wọ́n tó bá yín kọ ọ́, ẹ dà á nù. Kó tó di ìparí oṣù Kẹrin ni kó ti débẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá pẹ́ ṣì lè kọ ọ́ láàárín ọdún méjì. Ohun kan tó lè mú kí wọ́n dá a padà ni àdírẹ́sì láìsẹ́ńsì ọkọ̀ tí kò bá ti ilé mu. Ilé tí ẹ fi háyà kò sí níbẹ̀. Ilé tí ẹ̀ ń gbé gan-an ni.

Onílé tó ti pé ọdún 65 tún ní $60,000 sí i, owó orí ilé ìwé rẹ̀ kò sì ní gòkè mọ́ àfi tó bá kọ́lé kún ilé. Àmọ́ pé Màmá wá láti Ìbàdàn tí wọ́n ń bá yín gbé kò tó. Orúkọ wọn gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé ilé.

Má lọ bá ẹni tí kò ní àṣẹ jà

Bí ìwé iye ilé bá dé, ẹ ní títí di ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún, tàbí 30 ọjọ́ lẹ́yìn tí wọ́n fi ránṣẹ́, èyí tó bá pẹ́ jù, láti fi ẹjọ́ sùn. Ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ náà ní káńtì lè wo iye ilé àti ìdínkù bíi homestead, àmọ́ kò lè fọwọ́ kan réètì. Ẹ mú fọ́tò òrùlé tó ń jò, iye tí ilé tó jọ tiyín tà, àti ìwé iye àtúnṣe lọ. Ẹni tó bá lọ ń pariwo níbẹ̀ pé owó orí pọ̀ jù ń fi àkókò rẹ̀ ṣòfò. Réètì wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ISD, tó máa ń pe ìpàdé ìta gbangba lé e lórí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Àmọ́ ìgbìmọ̀ yẹn náà ò ní òmìnira tó bí a ṣe rò. Lórí réètì ìpìlẹ̀, sẹ́ǹtì 17 péré ni òfin fàyè gbà kí wọ́n fi kún un, díẹ̀ ni wọ́n sì lè fi kún un nínú rẹ̀ láìgba ìbò. Owó ìpìlẹ̀ fún ọmọ wà lọ́wọ́ àwọn aṣòfin ní Austin, tí ìjókòó wọn jẹ́ 140 ọjọ́ péré lẹ́ẹ̀kan ní ọdún méjì. Láti 2019 dé 2025, níbẹ̀ ni ilẹ̀kùn ti wà ní títì. Ìwé sí aṣojú yín ní ìgbà ìjókòó lágbára ju ogun àròyé lọ́dọ̀ ọ̀gá ilé ìwé.

Má da owó ilé kíkọ́ pọ̀ mọ́ owó tíṣà

Réètì méjì ló wà lórí bíìlì: M&O fún owó oṣù, iná àti bọ́ọ̀sì; I&S fún gbèsè báńdì tí wọ́n fi kọ́ ilé. Òfin kò gbà kí owó báńdì san owó oṣù tíṣà. ISD lè kọ́ ilé ìwé tuntun lọ́dún kan náà tó ń dá tíṣà dúró, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jalè. Pápá eré tó bá gba èèyàn tó ju 1,000 lọ ní ìbò tirẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí náà ẹ lè gba ilé ìwé kí ẹ sì kọ pápá eré.

Lórí ìwé ìbò báńdì, òfin fipá mú wọn láti kọ ọ́ pé àlékún owó orí ilé ni, kódà bí réètì ò bá ní gòkè rárá. Ẹ má fi gbólóhùn yẹn nìkan pinnu. Ẹ wo réètì I&S tí ISD kọ sínú àlàyé rẹ̀.

Má fi ọmọ pamọ́ sílé láìnídìí

Iye ọmọ tó wá sí kíláàsì ni Texas ń sanwó lé, kì í ṣe iye orúkọ tó wà nínú rẹ́jísítà. ISD tó ní ọmọ 1,000, tí 920 ń wá lójúmọ́, owó 920 ló máa gbà. Tíṣà àti iná kò sì dín kù. Ẹbí tó lọ Nàìjíríà fún Kérésì, tó wá fi ọ̀sẹ̀ méjì kún un nínú oṣù Kìíní, ti yọ ọjọ́ mẹ́wàá. Bí ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ bá jẹ́ 170, nǹkan bíi $365 nínú $6,215 náà ló lọ lórí ọmọ kan. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì tó bá kàlẹ́ńdà ilé ìwé mu.

Lórí àwọn ìbò tí a mẹ́nu kàn lókè: ọmọ onílùú (citizen) nìkan ló lè dì í. Ẹni tó ní green card tó bá dìbò, kódà ìbò ilé ìwé, lè pàdánù ìwé ìgbélùú rẹ̀. Ẹni tó bá ti búra di ọmọ onílùú gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ ní 30 ọjọ́ kó tó di ọjọ́ ìbò.