Bí Mo Ṣe Fi Ìwo Màálù àti Igi Apá Ṣe Fèrè Tí Ń Pe Ẹranko Apẹranjẹ

Adìẹ 17 ni mo pàdánù láàárín oṣù kan àti ààbọ̀ ní oko kékeré tí mo ti ń sin adìẹ ní ọ̀nà Òdeda, lẹ́yìn ìlú Abẹ́òkúta. Kò sí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ nílẹ̀, wáyà tí mo fi ṣe ọgbà kò sì já. Àwọn kan ní kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni, àwọn kan ní ológbò igbó ni, àwọn mìíràn sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú ìfura wo àwọn ọmọkùnrin méjì tí ń bá mi ṣiṣẹ́, èyí tó dùn mí ju adìẹ lọ. Mo ní láti mọ ohun tí ń kó adìẹ náà, kí n sì mọ ibi tí ó ń gbà wọlé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Bàbá Ọdẹ, ni ó sọ fún mi pé bí mo bá fẹ́ fi ojú rí ẹranko tí ń pa ẹran jẹ, kí n má ṣe máa wá a kiri nínú òkùnkùn. Kí n pè é, yóò sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá.

Ọgbọ́n náà ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọdẹ. Nígbà tí Bàbá Ọdẹ wà ní ọ̀dọ́, imú àti ọ̀fun rẹ̀ nìkan ni ó fi ń ṣe é: yóò fi ìka méjì fún imú, yóò sì máa ké bí ọmọ ètu tí nǹkan mú, títí tí ètu mìíràn yóò fi jáde wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní ìgbà mìíràn wà tí kì í ṣe ètu ni ó ń jáde, bí kò ṣe ẹranko tí ń fi ètu ṣe oúnjẹ, nítorí ẹni tí ń pa ẹran jẹ kò lè gbọ́ igbe ẹran tí ó wà nínú ìrora kí ó má yà wò ó. Nísinsìnyí tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká, igbe náà kò jáde bó ṣe yẹ mọ́. Ìdí nìyẹn tí ó fi ní kí a ṣe fèrè.

Fèrè tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ọ̀pá oníhò tí à ń fi ìka dí tí à ń fi ìka ṣí. Ahọ́n ni èyí ní. Igi pẹlẹbẹ kan wà tí a gbẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ sí láàárín. Ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, tí í ṣe ahọ́n, bo kòtò náà, a so ìdí rẹ̀ mọ́ igi ṣùgbọ́n a kò so orí rẹ̀. Ìwo màálù sì wà lẹ́yìn, tí yóò gba ohùn jáde tí yóò sì mú un rinlẹ̀. Bí a bá fọn ún, èémí yóò gba àárín ahọ́n àti igi kọjá, ahọ́n yóò máa gbọ̀n, yóò máa pa kòtò dé, yóò sì tún máa ṣí i, ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbọ̀n yẹn gan-an ni ohùn. Àwọn kan máa ń fi ahọ́n náà pamọ́ sínú ihò kí ètè má baà kàn án. Irú rẹ̀ rọrùn láti fọn, ṣùgbọ́n ohùn kan ṣoṣo ni ó mọ̀. Mo yan èyí tí ahọ́n rẹ̀ wà ní gbangba, nítorí ètè ẹni tí ń fọn ún ni yóò sọ bóyá ohùn yóò lọ sókè tàbí yóò wá sílẹ̀.

Ìwo ni kò yọ mí lẹ́nu púpọ̀. Mo lọ sí Lafẹ́nwá ní kùtùkùtù òwúrọ̀, níbi tí wọ́n ti ń pa màálù, mo sì ra ìwo kékeré méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20 lọ́wọ́ alápatà kan. Egungun wà nínú ìwo, ó sì lẹ̀ mọ́ ọn pinpin; mo sè é lórí ààrò ní ẹ̀yìnkùlé fún wákàtí kan kí egungun náà tó tú. Òórùn rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ènìyàn lè fara dà nínú ilé ìdáná, nítorí náà kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é jáde síta. Mo fi í sí abẹ́ òjìji fún ọjọ́ mẹ́rin, nítorí oòrùn lè mú kí ìwo sán. Lẹ́yìn náà ni mo fi ayùn gé ṣóńṣó orí rẹ̀, mo sì fi irin gbígbóná lu ihò láti ibẹ̀ wọ inú tí ó ṣófo, títí tí ìka àárín ọwọ́ mi fi lè wọ̀ ọ́.

Igi tí ahọ́n yóò jókòó lé ni iṣẹ́ wà, mo sì kùnà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Èyí àkọ́kọ́ tí mo gbẹ́, igi àfàrà ni, nítorí ó rọ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ. Ó dún dáradára ní alẹ́ tí mo parí rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di ọ̀la, itọ́ ẹnu mi ti mú kí igi náà wú, ojú rẹ̀ kò dọ́gba mọ́, ahọ́n kò sì jókòó dáadáa. Bàbá Ọdẹ fi àtàǹpàkò rẹ̀ họ ọ́ díẹ̀, ó sì dá a padà fún mi. Ó ní, “Igi tí ń mu omi kò lè sọ̀rọ̀ fún ọ. Wá igi tó le.” Mo padà sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta pákó, mo sì rí àjákù igi apá kan tí káfíńtà kò nílò. Apá le, ó wúwo, ó sì gba sùúrù, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń dán bí a bá fi sáńpépà ha á.

Mo gbẹ́ ẹ rogodo, ó nípọn tó ìka àárín ọwọ́ mi, ó sì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 9. Mo lu ihò sí ìdí rẹ̀ dé sẹ̀ǹtímítà 3, èyí tí yóò wọ inú ìwo. Mo wá gé ìdajì òkè kúrò lára èyí tó ṣẹ́ kù, tí ó fi di pẹlẹbẹ, mo sì gbẹ́ kòtò tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 4 sí àárín rẹ̀ títí ó fi já sínú ihò ẹ̀yìn. Níbí ni mo ti tún kùnà: mo gbẹ́ kòtò náà dé ẹnu orí igi, bí mo sì ti ń fọn ún, èémí lásán ni ń jáde, nítorí ahọ́n kò rí ibi tí yóò fi orí lé láti pa ọ̀nà náà dé. Mo ní láti tún òmíràn gbẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú ti ẹ̀kẹta yìí, mo fi mìlímítà 5 sílẹ̀ ní iwájú tí kòtò kò dé, ohùn sì jáde.

Ṣùgbọ́n ohùn lásán kọ́ ni à ń wá. Ohun tó ń sọ bóyá fèrè yóò ké bí ẹran ni bí ojú igi náà ṣe tẹ̀ wálẹ̀ láti àárín lọ sí iwájú. Bí ó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ahọ́n yóò lẹ̀ mọ́ ọn, ohùn yóò sì pa. Bí ó bá tẹ̀ jù, ẹni tí ń fọn ún yóò fi gbogbo èémí inú rẹ̀ ṣòfò kí ó tó rí igbe kan, igbe náà yóò sì há. Mo fi sáńpépà ha á díẹ̀díẹ̀ fún ìrọ̀lẹ́ méjì, mo ń ha, mo ń fọn, mo tún ń ha, títí àlàfo tó wà lábẹ́ orí ahọ́n fi tó nínípọn káàdì ATM méjì tí a tò léra. Ibẹ̀ ni ó ti ké. Ọmọ mi obìnrin sáré jáde láti inú yàrá, ó ní, “Bàbá, kí ló ń ṣe adìẹ?”

Ti ahọ́n fúnra rẹ̀, mo kọ́kọ́ gé e lára ike omi tí à ń rà ní ojú títì, ṣùgbọ́n ike yẹn ń ká kò, ó sì fẹ́lẹ́ jù. Ohun tó bá a mu ni fíìmù tí wọ́n fi ya àwòrán egungun ẹsẹ̀ ìyá mi ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, tí ó ti ń gba eruku lórí àpótí aṣọ. Mo tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ màmá, wọ́n sì yọ̀ǹda. Mo gé e ní sẹ̀ǹtímítà 5 àti ààbọ̀, mo fi sáńpépà ha etí rẹ̀ kí ó má baà gé mi ní ètè, mo sì fi rọ́bà tí mo gé lára túùbù kẹ̀kẹ́ so ìdí rẹ̀ mọ́ igi. Bí a bá gé orí ahọ́n kúrú ní mìlímítà méjì, ohùn yóò ròkè. Ó dára kí ènìyàn máa gé e díẹ̀díẹ̀, nítorí a lè dín in kù ṣùgbọ́n a kò lè fi kún un.

Èmi ti rò pé iṣẹ́ ti parí nígbà tí mo ti ìdí igi náà bọ inú ìwo. Bàbá Ọdẹ ní kò tí ì bẹ̀rẹ̀. Ó bi mí léèrè bóyá mo mọ igbe tí mo fẹ́ ké. Mo ti gbọ́ igbe ehoro lẹ́ẹ̀kan rí, nígbà tí ajá mú ọ̀kan nínú oko aládùúgbò mi tí ń sìn wọ́n: ó dà bí ti ọmọ ọwọ́ tí wọ́n gba ọmú lẹ́nu rẹ̀, ó ń lọ sókè lójijì, ó ń wálẹ̀ ní gbígbọ̀n, ó sì ń rẹ̀ bí agbára bá ti ń tán. Ìgbà tí mo rántí igbe yẹn dáadáa ni mo tó mọ bí ètè mi ṣe yẹ kí ó rìn. Bí ètè bá tẹ ahọ́n nítòsí orí, igbe yóò tín-ín-rín bí ti eku. Bí ó bá fà sẹ́yìn sí ìhà ìdí, yóò ki. Mo ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ki, mo ń yára gòkè, mo wá ń fi ọwọ́ bo ẹnu ìwo, mo sì ń ṣí i, kí igbe lè máa gbọ̀n. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi kọ́ èyí, ju gbogbo ọjọ́ tí mo fi gbẹ́ igi lọ.

Kí a tó wọ igbó, Bàbá Ọdẹ mú mi lọ kí Olúọdẹ abúlé tí oko mi wà, a sì sọ alẹ́ tí a fẹ́ jáde àti ibi tí a óò jókòó sí. Kí ẹnikẹ́ni má fojú kékeré wo èyí. Ẹni tí ń ké bí ẹran nínú òkùnkùn lè gba ọta ìbọn bí ẹran, bí ọdẹ mìíràn kò bá mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. A tún fẹ̀yìn ti igi ńlá, kí ohunkóhun má baà gba ẹ̀yìn yọ sí wa.

Alẹ́ àkọ́kọ́ kò so èso. Mo fọn fèrè, mo dúró, mo tún fọn, ajá aládùúgbò nìkan ni ó sì wá, tí ó ń mi ìrù. Bàbá Ọdẹ bu eérú díẹ̀ nínú àpò rẹ̀, ó jẹ́ kí ó máa já bọ́ láti ìka rẹ̀, a sì rí i pé afẹ́fẹ́ ń gbé òórùn wa lọ tààrà sí ibi tí à ń retí ẹranko. Ní alẹ́ kejì, a lọ jókòó sí ìhà kejì oko ẹ̀gẹ́, kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ láti inú igbó wá bá wa lójú. Mo fọn fèrè fún bí ìdajì ìṣẹ́jú, mo dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, mo tún fọn ún ní ohùn tó rẹlẹ̀ díẹ̀, bí ẹran tí ó ti ń rẹ̀. Ní ìgbà kẹrin, Bàbá Ọdẹ fọwọ́ kàn mí ní orúnkún. Ó tan tọ́ọ̀ṣì tí ó fi ọ̀rá pupa dì lójú, mo sì rí ojú méjì tí ń dán ní bí ìgbésẹ̀ 15 sí wa.

Ẹtà ni. Ojú rẹ̀ ní dúdú yí ká bí ẹni tó fi aṣọ bojú, àmì dúdú kún ara rẹ̀, irun ẹ̀yìn rẹ̀ sì dìde gan-an nígbà tí ó fura. Ṣakabùlà wà lórí itan Bàbá Ọdẹ, ṣùgbọ́n kò gbé e sókè. Ahéré tí àwọn ènìyàn ń sùn sí wà ní ọ̀gangan ẹ̀yìn ẹranko náà, kò sì yìnbọn sí ibi tí kò rí òpin rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ẹtà náà yí padà, ó sì gba ẹ̀bá odò kékeré lọ. Inú mi kò bàjẹ́ rárá, nítorí ojú rẹ̀ ni mo wá rí.

Ní òwúrọ̀, a tọ ọ̀nà tí ó gbà lọ. Ibì kan náà ni ẹtà máa ń yàgbẹ́ sí lọ́pọ̀ ìgbà, a sì rí ibẹ̀ lábẹ́ ọ̀pẹ kan: ekùrọ́ kún inú rẹ̀, ìyẹ́ adìẹ funfun sì wà láàárín ekùrọ́ náà. Bàbá Ọdẹ ní, “Ẹtà kì í fẹ́ràn àtigun òkè bí ológbò. Ìsàlẹ̀ ni kí o wò.” Mo wo ìsàlẹ̀ ọgbà, mo sì rí ihò tí àgbàrá ti gbẹ́, tí koríko bò mọ́lẹ̀, tí ó fẹ̀ tó láti gba orí ajá.

Mo mú àwọn ọmọkùnrin méjèèjì lọ sí abẹ́ ọ̀pẹ náà, pẹ̀lú àwọn tí ó ti ń sọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn, kí gbogbo wọn lè fi ojú ara wọn rí i. Mo bẹ àwọn ọmọ náà níwájú wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ fi òkúta àti wáyà dí ihò àgbàrá, kékeré nínú wọn sì ní kí n jẹ́ kí òun fọn fèrè náà wò.